Ẹni Tí A Kò Tíì Pè Lórúkọ

"Ohùn wọlé. Orúkọ kò wọlé."

Ìgbà kẹta tí Akọ̀wé yóò wí bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ yìí nìyẹn. Ohùn obìnrin ni wọ́n fún ẹ̀rọ náà, ó tutù pẹ̀sẹ̀ bí ohùn ìyá tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún, ara ògiri ló sì ti ń jáde. Èèyàn ò lè nawọ́ sí ibì kan pé ibí ni ẹnu rẹ̀ wà. "Ẹ pe orúkọ ẹni tí ẹ fẹ̀sùn kàn. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta kí ìwé yìí kú."

Ìyá Fọlárìn tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé. Ẹni àádọ́rin ọdún ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọrùn rẹ̀ nà bí ọrùn ẹni tó ti ru omi púpọ̀ láyé. "Ẹ bá mi sọ fún ògiri yìí pé mo ti pè é. Eyínfúnjowó ni mo ní. Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí èèyàn wí nǹkan kan náà?"

"Kò sí ẹni tó ń jẹ́ Eyínfúnjowó nínú ìwé àwọn ọlọ́pàá," ni Akọ̀wé fèsì.

"Ó wà nínú ìwé tèmi."

Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí wọ́n ń wí jókòó gbagidi sí òdìkejì tábìlì. Ọ̀gá ọlọ́pàá ni, Adégbìtẹ́ Oyèwùsì, òun ló ni àṣẹ lórí òpópónà méjìlélọ́gbọ̀n ní apá ìlà-oòrùn ìlú Àtúntẹ̀dó. Ó fẹ̀yìn ti àga, ó ká ọwọ́ lé ikùn. Láàárín àyà rẹ̀ ni ojú àyà wà, dígí roboto tí kò tóbi ju ẹyin àparò lọ, tó ń ṣẹ́jú pupa, tó ń rí, tó ń gbọ́, tó sì ń rántí. Kò sí ọlọ́pàá tí kò gbé ọ̀kan kọ́yà. Ọkùnrin náà kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, kò sì ní in lọ́kàn láti sọ, nítorí òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tí ẹlẹ́rìí kò bá tíì pè lórúkọ kò sí nínú yàrá. Nínú ìwé, àga tó jókòó lé yẹn ṣófo. Ó kàn ń fi eyín funfun báláú rẹ́rìn-ín músẹ́ lórí àga òfìfo ni.

Ìwàlọlá Adégbẹ̀san wo wàláà dígí tó wà níwájú rẹ̀. Òun ni agbẹjọ́rò Ilé Àbójútó Ọlọ́pàá, ọdún kọkànlá rẹ̀ níbẹ̀ nìyí, ó sì ti rí ìwé tó kú ju èyí tó yè lọ. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni òfin fún ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá tíì pé nínú gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí fèrè oòrùn, tó ń lé ará ìlú wọlé, bá fi dún lọ́sàn-án gangan, ìwé á jẹ ara rẹ̀ tán. Èyí ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá. Ìlà tó sọ bí egungun ọwọ́ Ìṣọ̀lá, ọkùnrin tí wọ́n lù, ṣe dún nígbà tó ṣẹ́ ti lọ. Ìlà tó sọ bí wọ́n ṣe wọ́ ọ sínú ọkọ̀ ń lọ báyìí, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, bí ìgbà tí èèrà ń ko ìrẹsì.

Ó sún mọ́ ìyá àgbà náà. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ, kó ti ẹnu yín jáde, ó tán."

"Ìwọ náà pè é."

"Bí mo bá pè é, wọ́n á ní mo yá yín ní ohùn. Wọ́n á fagi lé ẹ̀sùn náà, wọ́n á sì gba ìwé ẹ̀rí agbẹjọ́rò lọ́wọ́ mi."

Ìyá Fọlárìn wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Lọ́yà, ọmọ mi, ṣé o lọ́kọ?"

"Mo lọ́kọ, mà."

"Ṣé o ń pe àwọn àbúrò ọkọ rẹ lórúkọ?"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu Ìwàlọlá. "Màmá, ọkọ mi gan-an ni mò ń pè lórúkọ."

"Háà! Ó mà ṣe o. Ilé ta ni wọ́n ti kọ́ ọ?" Ìyá náà pàtẹ́wọ́. "Gbọ́ mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi omi wẹ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà ilé Oyèwùsì, ọmọ ọdún mẹ́rin ni èyí tó jókòó yìí. Òun ló kọ́kọ́ di etí ìró mi mú, tó ń rẹ́rìn-ín sí mi, eyín ẹ̀ funfun kinkin. Mo ní, 'Eyínfúnjowó, ọkọ mi.' Gbogbo ìyàwó ilé ló bú sẹ́rìn-ín. Bó ṣe di orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ṣáájú ẹni dé inú ilé, ọkọ ẹni ni, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. N kò pè é lórúkọ nígbà tó tọ̀ sí mi lẹ́yìn. N kò pè é nígbà tí mò ń lé e lọ sílé-ìwé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fẹ́ mi sílé ti kú, n kò pè é lórúkọ lẹ́bàá sàréè. Ògiri ló wá fẹ́ kọ́ mi ní ìwàkíwà lọ́jọ́ alẹ́ mi?"

Oyèwùsì ń wo àjà ilé.

"Ògiri kọ́, mà," ni Ìwàlọlá wí. "Ìṣọ̀lá ni. Ó wà nísàlẹ̀ ilé yìí nínú àhámọ́, ọwọ́ rẹ̀ wú tó orí ọmọdé. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Àgọ́ Iyọ̀ ti wà lẹ́nu géètì. Tí fèrè bá dún tí ìwé yìí bá kú, wọ́n á gbé e lọ wa iyọ̀ létí òkun fún ọdún méje pé ó fi irin na ọlọ́pàá."

"Irin wo?" Ìyá náà gbé ohùn sókè. "Irin wo? Èmi tí mo jókòó síwájú ilé, tí mò ń ṣa ẹ̀wà! Ẹ̀yin ọlọ́pàá ti omi àdúgbò wa pa fún ọjọ́ mẹ́jọ nítorí pé ẹnìkan sọ òkò lu kámẹ́rà. Ìṣọ̀lá tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe ló ṣí i fún wa. Ó dìde, ọwọ́ òfìfo, omi ń kán tótó lára ìka rẹ̀. Eyínfúnjowó dé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú àyà rẹ̀ báyìí, ó ń pariwo pé, 'Ju irin náà sílẹ̀! Ju irin náà sílẹ̀!' Ẹni tí kò mú nǹkan kan dání, kí ló fẹ́ jù? Ó fi kóńdó ṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ níṣojú mi."

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Ojú àyà kò rí nǹkan kan, etí rẹ̀ nìkan ló ṣí, igbe ọ̀gá ló sì gbọ́. Láti ọdún tí ìlú ti gba ojú àyà gbọ́ ju ojú èèyàn lọ, ohun tó bá gbọ́ ni ohun tó ṣẹlẹ̀, àfi bí ẹlẹ́rìí kan bá fi ẹnu ara rẹ̀ pe ọlọ́pàá náà lórúkọ kí ọjọ́ mọ́kànlélógún tó pé.

"Mo fẹ́ kó jẹ́jọ́," ni Ìyá Fọlárìn wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni mo fi rìn wá. N kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n n kò ní tìtorí ẹjọ́ yìí ba ẹnu mi jẹ́."

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀gbẹ́ni Sọ̀bándé, ọ̀gá àgbà Ilé Àbójútó, yọjú, ó sì fi ìka pe Ìwàlọlá. Ọkùnrin kúkúrú ni, ó ti pé ọgọ́ta ọdún, aṣọ rẹ̀ kì í hunjọ. Ìwàlọlá bá a dúró lẹ́bàá fèrèsé nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Láti àjà kejìdínlógún, gbogbo Àtúntẹ̀dó ló tẹ́ sílẹ̀ lórí òkè, ìlú tí àwọn tí òkun lé kúrò létí omi wá tẹ̀ dó. Òrùlé dígí tó ń mu oòrùn ń kọ mànà títí dé ibi tí ojú mọ. Kò sí páànù tó ti dípẹtà níbì kan. Ọyẹ́ kì í wá mọ́ láti ìgbà tí òkun ti gba ilẹ̀ ìsàlẹ̀. Àwọn ọmọ ìwòyí kò mọ bí ètè ṣe ń là lóṣù Ṣẹ́rẹ́, wọn ò mọ òórùn ewé gbígbẹ tí wọ́n bá dáná sun ún lẹ́yìnkùlé lówùúrọ̀ tí kùrukùru bolẹ̀. Nísàlẹ̀, àwọn èèyàn ti ń yára wọlé. Láti ọ̀sán gangan títí di agogo mẹ́rin, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni wà níta, nítorí oòrùn ń pa èèyàn.

"Ìwàlọlá," ni Sọ̀bándé wí, "jẹ́ kí ìwé yẹn kú."

"Ẹ̀mí ṣì wà níbẹ̀, sà."

"Ìwé máa ń kú. Ìwọ kọ́ lo pa á. Ìyá àgbà ló kọ̀ tí kò pe orúkọ, kò sẹ́ni tó máa dá ọ lẹ́bi." Ó nu iwájú orí rẹ̀. "Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìgbìmọ̀ ìlú máa dìbò bóyá kí Ilé yìí máa wà tàbí kí wọ́n tì í pa. O mọ iye ẹ̀gbọ́n àti ọ̀rẹ́ tí Oyèwùsì ní níbẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí Ilé yìí pẹ́ láyé ni pé a mọ ìgbà tó yẹ ká wo ẹ̀gbẹ́ kan."

"Ọrùn wa ti wọ́ nítorí ẹ̀gbẹ́ kan tí à ń wò, sà."

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ipò igbákejì mi ṣófo. Ta ni mo fẹ́ fún bí kì í ṣe ìwọ? Mo bẹ̀ ọ́. Jókòó, fọwọ́ lẹ́rán, jẹ́ kí fèrè dún."

Ìwàlọlá padà wọlé, Sọ̀bándé sì tẹ̀ lé e, ó jókòó sí igun yàrá bí ẹni wá ṣọ́ òkú.

"Ó ku ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún," ni Akọ̀wé wí.

Ọ̀nà kan wà tí àwọn agbẹjọ́rò Ilé yìí ń gbà láàárín ara wọn, tí ẹnikẹ́ni kì í sọ síta. Bí ẹlẹ́rìí bá kọ̀, agbẹjọ́rò á fi ìnujú bo ẹnu, á húkọ́, á sì pe orúkọ sínú ikọ́ náà. Nígbà mìíràn Akọ̀wé a gbà á. Nígbà mìíràn a mọ ohùn, ẹni náà a sì padà sílé láìníṣẹ́. Ìwàlọlá kò ṣe é rí. Òní ni ikọ́ náà kọ́kọ́ rìn ín lọ́nà ọ̀fun. Ó ronú nípa egungun ọwọ́ ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀, ó fa ìnujú yọ nínú àpò, ó gbé e sókè díẹ̀.

Ìyá Fọlárìn gbé ọwọ́ lé e nítan. "Gbé ikọ́ yẹn mì, ọmọ mi."

"Mà?"

"Mo tọ́ ọmọ mẹ́fà. Mo mọ ikọ́ tó jẹ́ ikọ́. Bí a bá fi irọ́ mú un, kí la fi yàtọ̀ sí òun tó pariwo irin tí kò sí?"

Ojú ti Ìwàlọlá. Ó gbé ìnujú sílẹ̀ lórí tábìlì. Inú ìtìjú yẹn gan-an ni ohun kan ti sọ sí i lọ́kàn. Kó tó di agbẹjọ́rò, nígbà tí òkun kọ́kọ́ lé èèyàn, ọmọ ọdún méjìlélógún ni, ó jókòó sábẹ́ tapólì létí omi, ó ń kọ orúkọ àwọn tí omi lé. Àwọn àgbà ń bọ̀ láìsí ìwé kankan. Àwọn mìíràn ò mọ orúkọ tí wọ́n kọ fún wọn nílé-ìwé mọ́. Bàbá arúgbó kan wà tí gbogbo èrò inú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ń pè ní Mábìínú. Ìwàlọlá pe Mábìínú, bàbá ní "Ọ̀ọ̀," ó kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì fún bàbá lóúnjẹ. Òfin wà fún un. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn ló fi òfin yẹn kọ sínú ìwé ayé.

"Akọ̀wé," ni ó wí, "òfin ìkànìyàn ti ọdún omi, ẹsẹ kẹsàn-án. Ṣé ó ti kú ni?"

"Ìwàlọlá!" Sọ̀bándé ti dìde.

"Kò kú," ni Akọ̀wé fèsì. "Wọ́n ní kí a má máa kà á nínú ilé yìí mọ́."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Ọ̀gá àgbà."

"Ṣé ọ̀gá àgbà lágbára láti pa òfin?"

"Kò lágbára láti pa á. Ó lágbára láti lé ẹni tó bá ní kí n kà á. Bí mo bá kà á, ilẹ̀kùn ilé yìí kò ní mọ àtẹ́lẹwọ́ yín mọ́ láti ọ̀sán òní lọ."

Ọdún mọ́kànlá. Ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, ti Ilé Àbójútó ni. Omi tí wọ́n ń mu, orúkọ rẹ̀ níbi iṣẹ́ ló ń ṣí i. Ó wo Sọ̀bándé, Sọ̀bándé mi orí fún un díẹ̀díẹ̀, bí bàbá tó ń kìlọ̀ fún ọmọ kó má fọwọ́ kan iná.

"Kà á," ni Ìwàlọlá wí. "Kà á sókè dáadáa, kí àga òfìfo náà lè gbọ́."

"'Ẹni tí kò ní orúkọ nínú ìwé,'" ni Akọ̀wé kà, "'orúkọ tí àwọn ará ilé rẹ̀ ń pè é ni orúkọ rẹ̀. Bí a bá pè é níwájú akọ̀wé, tí ó bá dáhùn, òun náà ni.'"

Ẹ̀rín kúrò lójú Oyèwùsì. Ó pa ètè dé mọ́ eyín rẹ̀. Òun náà ti gbọ́, kò sì gọ̀: bí kò bá ti dáhùn, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ kúrò ní ikùn, ó fi di apá àga mú.

Ìyá Fọlárìn ń wo agbẹjọ́rò rẹ̀. "Ohun tí ẹ ń wí ni pé kí n pè é bí mo ṣe ń pè é, kí òun sì dáhùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ẹ wá jẹ́ kí n máa bá ògiri jà láti àárọ̀!" Ó yíjú sí òdìkejì tábìlì. "Eyínfúnjowó."

Ojú àyà ṣẹ́jú pupa.

"Ohùn wọlé. Ìdáhùn kò wọlé. Ó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá."

"Eyínfúnjowó, ọkọ mi. Arẹ́rìn-ín-dá-ni-lọ́lá."

Iṣan ọrùn ọkùnrin náà yọ. Ó tẹjú mọ́ etí tábìlì bí ẹni tó ń ka èèrà. Sọ̀bándé mí kanlẹ̀ láti igun yàrá. Lórí wàláà, ìlà kan péré ló kù lókè, èyí tó ní orúkọ Ìṣọ̀lá nínú.

Ni Ìyá Fọlárìn bá dìde. Orúnkún rẹ̀ dún kọ́. Ó yí tábìlì ká, ó ń fi ọwọ́ tọ ògiri lọ, títí ó fi dé iwájú ọ̀gá ọlọ́pàá, ó sì kúnlẹ̀. Ẹni àádọ́rin ọdún kúnlẹ̀ fún ẹni tó pọ̀n, orúnkún méjèèjì, lórí ilẹ̀ òkúta. Ojú rẹ̀ àti ojú àyà wá dọ́gba.

"N kò wá bẹ̀ ọ́ o," ni ó wí. "Mo wá kí ọ ni, bí mo ṣe máa ń kí ọ láràárọ̀. Àtọjọ́ tí mo ti wọlé yín, ọjọ́ kan ò tíì yẹ̀ tí mo pè ọ́ tí o kò dáhùn. Nígbà tí ibà ń ṣe ọ́ tí o kò mọ ẹni tó jókòó tì ọ́, o dáhùn. Ìyá tó bí ọ pè ọ́ lọ́jọ́ náà, o dákẹ́. Èmi pè ọ́, o ní, 'Mà.'"

Oyèwùsì gbójú kúrò létí tábìlì, ó wò ó.

"Èyí tó kù, àṣàyàn tìrẹ ni. Bí o bá dákẹ́ fún mi níbí, ó dáa. N óò dìde. N óò mọ̀ pé ọkọ mi tí mo pọ̀n ti kú sí ibì kan tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi, n óò lọ sílé lọ ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Àmọ́ kí n tó lọ, n óò pe orúkọ ẹni tó jókòó sórí àga yìí, orúkọ àti ti bàbá rẹ̀, ketekete, kí ògiri kọ ọ́. Kò ní ṣòro fún mi, nítorí n kò mọ̀ ọ́n rí. Àlejò ni. A máa ń pe àlejò lórúkọ." Ó gbójú sókè. "Mo ń pè ọ́ fún ìgbà ìkẹyìn. Eyínfúnjowó."

Ìwàlọlá rí ojú ọkùnrin náà bó ṣe ń yí padà. Kì í ṣe ojú ọ̀gá mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára àga, ó na méjèèjì sí ìyá náà kó tó mọ ohun tó ń ṣe.

"Mà," ni ó wí. "Mo gbọ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde nílẹ̀. Ilẹ̀ yẹn tutù."

"Ohùn wọlé," ni Akọ̀wé wí. "Ìdáhùn wọlé. Eyínfúnjowó ni Adégbìtẹ́ Oyèwùsì. Àga kò ṣófo mọ́."

Lórí wàláà, àwọn ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í padà, láti òkè wá sísàlẹ̀: omi tó ń kán, àtẹ́lẹwọ́ tó bo dígí, igbe irin, egungun tó dún. Ìyá Fọlárìn gbára lé ọwọ́ tí wọ́n nà sí i, ó dìde, kò sì tètè jọ̀wọ́ ọwọ́ náà.

"O ṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ," ni ó wí.

"Mo mọ̀, mà."

Akọ̀wé kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

"Ó ku àtẹ́lẹwọ́ agbẹjọ́rò," ni ẹ̀rọ náà wí. "Ìṣẹ́jú mẹ́ta."

Sọ̀bándé ti wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìwàlọlá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i létí. Ó ní òun lè sọ fún Akọ̀wé pé àṣìṣe ni kíka òfin yẹn. Ó ní ilẹ̀kùn á tún mọ̀ ọ́n. Kó sá ti gbé ọwọ́ sẹ́yìn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, kò sí ẹni tó ní kó ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ọ̀gá," ni Ìwàlọlá wí, "obìnrin yìí kò fi ẹnu rẹ̀ tọrẹ fún ògiri. Ẹ fẹ́ kí n fi ọwọ́ tèmi ta yín lọ́rẹ?" Ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ dígí. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ẹ̀sùn wọlé. Ìṣọ̀lá Ajéwọlé kò gbọdọ̀ kúrò nílé yìí títí ẹjọ́ yóò fi parí. Agbẹjọ́rò Adégbẹ̀san, a dúpẹ́ fún iṣẹ́ yín. Ilẹ̀kùn kò mọ̀ yín mọ́."

Fèrè oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí ìlú, ó gùn, ó ń wọni lára bí ẹkún akọ màlúù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń dún. Lẹ́yìn ìkẹta, ilẹ̀kùn gbogbo á tì. Ẹni tí kì í ṣe ti ilé kan gbọ́dọ̀ ti jáde kúrò nínú rẹ̀ lọ síbi tó ti wá, àfi ẹlẹ́rìí àti ẹni tó wà lábẹ́ ẹjọ́.

Ìwàlọlá kò jáde. Ó ká wàláà mọ́ abíyá, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, àjà méjìdínlógún, Ìyá Fọlárìn ń tẹ̀ lé e, ó ń bú àtẹ̀gùn níkọ̀ọ̀kan. Ó mọ ohun tí ìwé kì í sọ: láàárín ọ̀sán gangan sí agogo mẹ́rin, tí kò sí ojú níta, ni àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti ń sọnù nínú ilé yìí, tí wọ́n á ní àṣìṣe ọkọ̀ ni. Ó dé iwájú yàrá àhámọ́ kẹfà, ó jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn irin náà.

"Ta nìyẹn?" ni ohùn kan bi í láti inú.

"Lọ́yà rẹ ni, Ìṣọ̀lá."

"Ọkọ̀ ti dé?"

"Ọkọ̀ dé. Ìwọ kọ́ ló ń gbé."

Lẹ́yìn náà ni Ìwàlọlá gbọ́ tí nǹkan rọra kan irin lẹ́yìn òun, bí ẹni tó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn náà láti òdìkejì, tó sì jókòó.

Ìyá Fọlárìn tẹ́ ìborùn sílẹ̀, òun náà jókòó. Fèrè dún lẹ́ẹ̀kejì. Sọ̀bándé sáré dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, òógùn ti ba aṣọ tí kì í hunjọ jẹ́.

"Ìwàlọlá, o kì í ṣe ará ilé yìí mọ́. Jáde! O mọ̀ pé mo lè ní kí wọ́n wá gbé ọ síta."

"Ẹ pe ọlọ́pàá, sà," ni Ìwàlọlá wí. Ó gbé wàláà lé itan, ó sì fi ìka nu ojú rẹ̀ títí tó fi mọ́ gaara. "Ẹ ní kí wọ́n tètè máa bọ̀. Ẹlẹ́rìí ni mí báyìí, mo ti ṣí ojú ìwé tuntun dè wọ́n."